Ẹja Kan Náà, Ìpẹja Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Kò sí odò ńlá kan tó gba àárín ìlú Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin kọjá. Orí ilẹ̀ gíga ni ìlú náà wà, odò Ouémé ń ṣàn lọ ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, odò Yewa ń ṣàn ní ìlà-oòrùn, òkè náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ pupa tí omi òjò kì í pẹ́ lórí rẹ̀. Kànga ibẹ̀ jìn. Àwọn obìnrin Kétu ti mọ ìyà omi láti ayé àwọn ọba Alákétu àtijọ́. Àgbẹ̀ àti ọdẹ ni àwọn ará òkè yìí; ọdẹ ni Alálùmọ̀n tí ìtàn sọ pé ó fọ̀nà han Ọba Ẹdẹ dé ibi tí ìlú wà dòní. Ẹja tí wọ́n ń jẹ, ìsàlẹ̀ ló ti ń gòkè wá bá wọn: láti etí Ouémé, láti àfonífojì rẹ̀ ní apá Bonou àti Adjohoun, títí dé adágún Nokoué lẹ́yìn Kútọnu.

Nínú agbọ̀n ẹlẹ́ja, àrọ̀ yíyan kì í sọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Ó lè jẹ́ ìwọ̀ ló mú un, ó lè jẹ́ ìgèrè, ó lè jẹ́ àwọ̀n. Ó sì lè jẹ́ inú kòtò tí ẹnì kan gbẹ́ sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́n ọn. Ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ kì í béèrè. Àwọn tó ń pẹja fúnra wọn ló ń béèrè, ìbéèrè náà sì ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ibi púpọ̀ láyé: bí irinṣẹ́ bá jẹ́ ọ̀kan náà, ṣé ìpẹja náà jẹ́ ọ̀kan náà?

Àwọn tó ń fi eṣinṣin àtọwọ́dá pẹja ní Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà ti fa ọ̀rọ̀ yìí títí. Bí ẹnì kan bá mú ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún eṣinṣin, tó fi okùn eṣinṣin sí i, tó so eṣinṣin mọ́ ọn lẹ́nu, àmọ́ tí kò jù ú rárá, tó kàn tú u sílẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, tí ọkọ̀ sì ń wọ́ ọ lọ lójú omi, ṣé ìpẹja eléṣinṣin ló ń ṣe, àbí nǹkan mìíràn?

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ọ̀pá yẹn ń ṣe kò lè dá ẹjọ́ náà. Ìwọ̀ tí àwọn ọmọdé ń jù sódò nílẹ̀ wa, ohun tó wúwo lẹ́nu rẹ̀ ló ń gbé e lọ, ìbáà jẹ́ òjé, ìbáà jẹ́ ìjẹ. Okùn fúyẹ́, ó kàn ń tẹ̀lé e ni. Ti eléṣinṣin yí padà pátápátá. Ìyẹ́ adìyẹ díẹ̀, irun ẹran díẹ̀ àti òwú tí wọ́n fi wé ìwọ̀ títí tó fi jọ kòkòrò ni eṣinṣin náà. Kò wúwo rárá. Bí èèyàn bá fọwọ́ jù ú, iwájú rẹ̀ níbẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Nítorí náà, inú okùn ni wọ́n fi ìwúwo sí. Láti nǹkan bí ọdún 1960 ni àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe okùn yìí ti ń fi nọ́ńbà pín in gẹ́gẹ́ bí ìwúwo ẹsẹ̀ bàtà 30 àkọ́kọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà 5, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò fún ẹja odò kékeré, ìwúwo ẹsẹ̀ bàtà 30 yẹn tó nǹkan bíi gíráàmù 9.

Apẹja á gbé ọ̀pá sókè, á fi okùn náà sẹ́yìn lófuurufú, á dúró kí ó nà tán lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tì í síwájú. Okùn á yí po lókè orí rẹ̀, á nà jáde, á sì gbé eṣinṣin lọ jẹ́jẹ́ síwájú ẹja. Bí ó bá yára jù, okùn á dún bíi pàṣán, eṣinṣin á já dànù. Bí ó bá pẹ́ jù, okùn á já lulẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, á lọ há mọ́ koríko. Ìdúró kékeré tó wà láàárín ẹ̀yìn àti iwájú yẹn ni èèyàn fi ń lo ọ̀pọ̀ oṣù kọ́.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ láyé. Aelian, ará Róòmù tó ń kọ̀wé ní èdè Gíríìkì ní nǹkan bí ọdún 200 Sànmánì Kristi, ròyìn àwọn ará Makedóníà tó ń mú ẹja alámì tótòtó nínú odò kan tó pè ní Astraeus. Wọ́n ń fi òwú pupa wé ìwọ̀, wọ́n ń fi ìyẹ́ méjì tó hù lábẹ́ jọ̀jọ̀ àkùkọ sí i. Ọ̀pá wọn gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, okùn wọn náà gùn bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí ń ká okùn kò sí níbẹ̀, okùn oní-nọ́ńbà kò sí. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé ìpẹja eléṣinṣin kọ́ ni wọ́n ń ṣe, torí pé ọwọ́ apẹja ló gbé ìyẹ́ lásán náà lọ síwájú ẹja, tó sì tàn án jẹ.

Wíwọ́ okùn lẹ́yìn ọkọ̀ kò ní ìdúró yẹn nínú. Okùn á tú jáde díẹ̀díẹ̀, àjẹ̀ tàbí ẹ́ńjìnnì á sì máa mú eṣinṣin rìn nínú omi. Ó gbéṣẹ́ gan-an. Ọkọ̀ kan lè wá ẹja kiri gbogbo adágún láàárọ̀ ọjọ́ kan, ibi tí ẹni tó dúró létí omi kò lè dé láéláé. Ọ̀nà àtijọ́ ni òun náà. Lórí odò Tay ní Skọ́tíláǹdì, awakọ̀ á máa wa ọkọ̀ láti etí kan sí èkejì, lọ bọ̀, lọ bọ̀, okùn méjì tàbí mẹ́ta á máa wọ́ lẹ́yìn, títí ohun tó wà lẹ́nu wọn á fi kọjá níwájú gbogbo ẹja sámọ́nì tó sá pamọ́ sí ìsàlẹ̀ odò.

Ibẹ̀ ni Georgina Ballantine wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 7 oṣù October ọdún 1922, nítòsí abúlé Caputh, nínú ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ ń wà. Ọ̀pá méjì ló wà lẹ́yìn ọkọ̀. Eṣinṣin kan tí wọ́n ń pè ní Wilkinson wà lẹ́nu ọ̀kan. Ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ṣe ìjẹ wà lẹ́nu èkejì. Ìjẹ yẹn ni sámọ́nì náà gbé. Ó fa ọkọ̀ lọ sísàlẹ̀ odò, ó ń sáré, ó ń dúró, ilẹ̀ sì ṣú mọ́ wọn lórí. Ó lé ní wákàtí méjì kí wọ́n tó rí i gbé wọlé. Pọ́n-ùn 64 ni ìwúwo rẹ̀, kílò 29. Wọ́n gbé e lọ fún ilé ìwòsàn ní Perth, àwọn aláìsàn àti òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì jẹ ẹ́. Títí di òní, òun ni sámọ́nì tó wúwo jù lọ nínú àkọsílẹ̀ ẹja tí wọ́n fi ọ̀pá mú ní Bìrìtéènì.

Ẹ jẹ́ ká wo ọkọ̀ yẹn dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹja Ballantine ní ẹja eléṣinṣin, torí ìjẹ ló gbé. Ká wá ní Wilkinson ló gbé ńkọ́? Ohun tí ọmọbìnrin náà ń ṣe títí ẹja fi gbé e kò ní yàtọ̀ rárá. Ó jókòó, bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀, okùn ń wọ́. Ẹni tó bá ní irinṣẹ́ ni ká fi dájọ́ yóò ní láti sọ pé nínú ọkọ̀ kan náà, lọ́wọ́ awakọ̀ kan náà, ní ìrọ̀lẹ́ kan náà, ọ̀pá ọ̀tún ń ṣe ìpẹja kan, ọ̀pá òsì ń ṣe òmíràn, nígbà tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú méjèèjì. Èyí kò ṣeé gbà. Ọgbọ́n ńlá wà nínú ohun tí bàbá àti ọmọ yẹn ṣe, pàápàá wákàtí méjì inú òkùnkùn náà, ọgbọ́n awakọ̀ sì ni ìdajì rẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn dá dúró lọ́tọ̀, ó sì ní iyì tirẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà tún ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé àwọn tó ń wọ́ eṣinṣin níbẹ̀ ní eṣinṣin tí wọ́n fẹ́ràn bí ogún ìdílé. Carrie Stevens, tó ti ń ṣe fìlà obìnrin tẹ́lẹ̀, ń gbé ní Upper Dam láàárín àwọn adágún Rangeley. Lọ́jọ́ 1 oṣù July ọdún 1924, ó fi eṣinṣin tó fọwọ́ ara rẹ̀ wé mú ẹja trout kan tó wọn pọ́n-ùn 6 àti áúńsì 13, ẹja náà sì gba ipò kejì nínú ìdíje ìwé ìròyìn Field & Stream. Gray Ghost ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn eṣinṣin tó ṣe. Kò jọ kòkòrò kankan. Ẹja tín-ín-rín tí ń jẹ́ smelt ló jọ, èyí tí sámọ́nì inú adágún ń lé kiri lẹ́yìn tí yìnyín bá ti yọ́. Ìdí nìyẹn tó fi bá wíwọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ mu. Nígbà ìrúwé, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń wọ́ irú eṣinṣin bẹ́ẹ̀ kiri adágún Maine, bí àwọn bàbá àgbà wọn ti ń ṣe. Ẹni tó bá sọ fún wọn pé èyí kì í ṣe ìpẹja eléṣinṣin, àfi kó múra àríyànjiyàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Maine ní omi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún eléṣinṣin nìkan, òfin ìpínlẹ̀ náà sì la ohun tí ìpẹja eléṣinṣin jẹ́ sílẹ̀: kí èèyàn jù ú sómi, kí ó sì fà á padà, lọ́nà tó jẹ́ pé ìwúwo okùn ló ń gbé eṣinṣin lọ. Òfin yìí ò sọ nǹkan kan nípa iye tí wọ́n ra ọ̀pá tàbí ẹni tó ṣe é. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe ló ń wò.

Ẹgbẹ́ ìpẹja àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IGFA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939 tó sì gba àkóso àkọsílẹ̀ ẹja eléṣinṣin ní 1978, kò fi ibì kankan sílẹ̀ fún iyèméjì. Ìwúwo okùn ló gbọ́dọ̀ gbé eṣinṣin. Wíwọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń rìn, èèwọ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ sí nínú jíà nígbà tí wọ́n bá ń gbé eṣinṣin síwájú ẹja àti nígbà tí wọ́n bá ń fà á padà. Àkọsílẹ̀ wọn náà fi hàn pé yíyà sọ́tọ̀ kì í ṣe rírẹ̀ sílẹ̀. Ẹja tarpon tó wúwo jù lọ nínú ìwé wọn, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti mú un, ní erékùṣù Rubane ní Guinea-Bissau lọ́dún 2003: kílò 129.98. Èyí tó wúwo jù lọ lọ́wọ́ eléṣinṣin, ní Florida lọ́dún 2001, kò pé kílò 92. Àwọn méjèèjì ló wà nínú ìwé kan náà, lójú ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí èyí tó ń gba ipò lọ́wọ́ èkejì.

Ọdẹ Kétu kan kò ní nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Ẹni tó fi ìbọn lé ẹtu nínú igbó àti ẹni tó dẹ pàkúté fún un tó sì lọ sùn sílé, ẹran ni àwọn méjèèjì gbé bọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ọdẹ kan náà ni wọ́n ṣe lóru ọjọ́ yẹn.

Bí a bá wá sọ̀kalẹ̀ láti òkè Kétu lọ sí àfonífojì Ouémé, a ó bá ìbéèrè kan náà, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ilẹ̀ ni wọ́n ń jà lé níbẹ̀, ó ju eré ìdárayá lọ. Ouémé ni odò tó gùn jù ní Benin, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 500. Òkè ní àríwá ló ti ń bọ̀. Òjò tó bá rọ̀ lọ́hùn-ún láàárín June sí September ló ń dé ìsàlẹ̀ lẹ́yìn náà, tí odò á fi kún bo etí rẹ̀, tí gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ á sì di omi. Ẹja á tẹ̀lé omi jáde. Àrọ̀ pàápàá, inú koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò ló fẹ́ràn láti yé sí.

Orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí ni àwọn ará àfonífojì ti ń gbẹ́ whedo. Kòtò gígùn ni, tóóró, ọkọ́ àti agbára ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó sì ní olówó: ìdílé kan tàbí ẹnì kan ló ni ín, ó sì ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Nígbà tí omi bá ń fà padà, láti nǹkan bíi November, ẹja tí kò bá tètè bá omi lọ sódò á ríbi sá sí nínú kòtò náà. Omi tó kù nínú rẹ̀ kò dára. Ewéko á bò ó lójú, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á dín kù, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn á máa mu ún lọ. Ẹja tó bá gbẹ́kẹ̀ lé afẹ́fẹ́ inú omi nìkan ò ní lè fara dà á. Àrọ̀ lè yọ ẹnu sókè mí afẹ́fẹ́ òde, ìdí nìyẹn tí òun àti àwọn ẹja bíi tirẹ̀ fi ń pọ̀ nínú whedo.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó ẹja, wọ́n á kọ́kọ́ wọlé ro ewéko kúrò, kó o jọ sí bèbè. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹrọ̀fọ̀ á dé itan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi àwọ̀n gbá ẹja láti ìpẹ̀kun kòtò náà kan lọ sí èkejì, wọ́n á sì fi agbọ̀n gbọ́n wọn níbi tí wọ́n bá kó jọ sí. Àwọn obìnrin á gbà á lọ síbi tí wọ́n ti ń yan án. Àwọ̀n tí wọ́n lò, àwọ̀n tí wọ́n ń lò lójú odò ni. Agbọ̀n náà, agbọ̀n kan náà ni. Àmọ́ bí àjèjì bá ju àwọ̀n tirẹ̀ sínú odò, apẹja ni. Bí ó bá wọ inú whedo onílẹ̀ láìgbàṣẹ, olè ni.

Ní adágún Nokoué, níbi tí ìlú Ganvié wà lórí omi, irú rẹ̀ mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní akájà. Apẹja á gún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀ka igi sí ìsàlẹ̀ omi tí kò jìn. Láìpẹ́ ohun tútù bí ewé á bẹ̀rẹ̀ sí hù lára igi, ẹpìyà á wá máa jẹ ẹ́, á ríbi sá sí fún ẹja ńlá, á bímọ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á fi àwọ̀n yí gbogbo rẹ̀ ká, wọ́n á fa igi tu, wọ́n á sì kó ẹja. Olùwádìí R. L. Welcomme kọ ìwádìí lórí akájà ọ̀sà Dahomey, bí wọ́n ti ń pe Benin nígbà náà, jáde ní 1972, ó sì fi hàn pé hẹ́kítà kan lè mú ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù ẹja wá lọ́dún, láìsí oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni fún wọn. Ní Côte d'Ivoire, ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ gba ọ̀nà yìí, wọ́n fi ọparun rọ́pò ẹ̀ka igi, wọ́n sì fi àwọ̀n ṣe ọgbà yí i ká ní ọ̀sà Ebrié.

Akájà ní ọ̀tá púpọ̀, ọ̀tá wọ̀nyẹn kò sì jẹ̀bi. Ẹni tó ń fi àwọ̀n àjù jẹun rí i pé omi tí gbogbo ayé ni tẹ́lẹ̀ ti di ọgbà olówó igi. Ọ̀nà ọkọ̀ ń dí, adágún ń kún fún ẹrẹ̀, igbó ń tán nítorí ẹ̀ka. Bí wọ́n bá pe akájà ní ìpẹja, a jẹ́ pé ẹnì kan gba ibi ìpẹja gbogbo ènìyàn fún ara rẹ̀. Bí wọ́n bá pè é ní oko, olówó rẹ̀ á ní ẹ̀tọ́ sí ohun tó gbìn. Gbogbo ìjà náà wà lórí èwo nínú méjèèjì ló jẹ́, àwọ̀n tí wọ́n fi yí i ká kò sì lè dáhùn.

Àjọ FAO, tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, gbìyànjú láti fa ìlà kan ní 1988. Ó ní kí ohun kan tó lè jẹ́ ọ̀sìn omi, èèyàn gbọ́dọ̀ dá sí ìdàgbàsókè ẹja náà, bóyá nípa dída ọmọ ẹja sí i, fífún un lóúnjẹ, tàbí dídáàbò bò ó lọ́wọ́ ohun tó ń pa á jẹ. Ẹja náà sì gbọ́dọ̀ ní olówó ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń tọ́ ọ. Ẹja tí gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ sí, ìpẹja ló jẹ́, kódà bí ó bá gba ìwé àṣẹ. Ìlà yìí dára, ó sì fara jọ ti Maine: ó kọjú sí ohun tí èèyàn ṣe, ó kọ̀yìn sí ohun tó fi ṣe é. Akájà dúró lórí ìlà náà gan-an, ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Whedo ti àtijọ́ rọrùn díẹ̀ láti dá. Kòtò ní olówó, àmọ́ ẹja inú rẹ̀ kò ní títí omi fi lọ. Nígbà ìkún omi, ó lè wọlé, ó lè jáde, kò sẹ́ni tó tọ́ ọ. Ìpẹja ni, lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Ó sì lè yí padà. Ní 2007, Ibrahim Imorou Toko parí iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní yunifásítì Namur ní Bẹ́ljíọ̀mù lórí bí àwọn whedo àfonífojì Ouémé ṣe lè mú ẹja púpọ̀ sí i wá, nípa sísin àrọ̀ àti ìbátan rẹ̀ kan tó máa ń tóbi jù ú lọ nínú wọn. Àgbẹ̀ tó bá ra ọmọ àrọ̀, tó dà á sínú kòtò bàbá rẹ̀ lẹ́yìn tí omi ti fà, tó ń fún un lóúnjẹ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí, kúrò nínú ìpẹja lọ́dún yẹn, ó bọ́ sínú ọ̀sìn. Kò pààrọ̀ kòtò, kò ra àwọ̀n tuntun, agbọ̀n tó fi gbọ́n ẹja lọ́dún tó kọjá náà ni yóò fi gbọ́n ti ọdún yìí.